Oníbàárà Tó Ní Kí Wọ́n Ya Yàrá Kan fún Òun

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni Rúlà sọ. Kò bú ènìyàn, kò na ènìyàn, kò fọ́lé onílé. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn náà ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn títí di òní olónìí. Bó bá ń jẹun lọ́wọ́ tó rántí, ńṣe ló máa ń dá òkèlè padà sínú abọ́. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kò ṣé kó. Ẹ má wulẹ̀ mi orí sí mi pé ẹ ti mọ òwe yẹn tẹ́lẹ̀ o. Rúlà náà mọ̀ ọ́n dáadáa kó tó lanu.

Ayàwòrán ilé ni. Ẹni tó bá ra ilẹ̀, tó fẹ́ kọ́lé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá kó lè bá a ya ibi tí yàrá máa wà, ibi tí fèrèsé máa kọjú sí àti bí àtẹ̀gùn ṣe máa gùn tó. Rúlà ni gbogbo ayé ń pè é nítorí rúlà onírin kan tí kì í kúrò nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kan kó tó kúrò níbẹ̀, tó di agbaṣẹ́ṣe, ọ̀gá ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń jágbe mọ́ ọn mọ́. Àmọ́ kò sí ẹni tó ń bá a ṣètò owó orí rẹ̀ náà mọ́.

Yàrá mẹ́ta ló wà nínú ilé rẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń lo ọ̀kan, àwọn ọmọ méjèèjì ń lo ọ̀kan, ìyá rẹ̀ wà nínú èyí tó kọjú sí ìta, tí oòrùn àárọ̀ máa ń wọ̀. Orí tábìlì oúnjẹ ni ọkùnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́. Bí àkókò oúnjẹ bá tó, wọ́n á kó ilé onílé kúrò nílẹ̀, wọ́n á gbé abọ́ kalẹ̀. Ìgbà kan wà tí ọbẹ̀ ta sí orí pálọ̀ oníbàárà kan nínú àwòrán. Ọkùnrin náà béèrè pé kí ni àmì pupa yẹn. Rúlà ò ṣẹ́jú, ó ní ibi tí wọ́n máa gbin òdòdó sí ni. Oníbàárà sì gbìn ín síbẹ̀ lóòótọ́.

Ìyá rẹ̀ ti wá ń gbé ọ̀dọ̀ wọn láti ọdún mẹ́rin, lẹ́yìn tí bàbá kú. Ọgbọ̀n ọdún ni obìnrin náà fi tẹ̀wé ní kóòtù, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Kò pe ọmọ rẹ̀ ní Rúlà rí, kì í sábà pe orúkọ tó sọ ọ́ gan-an. "Ìwọ" ló ń pè é. "Ìwọ! O ti jẹun?" "Ìwọ yìí, wá bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́." "Ìwọ olórí kunkun, ṣé aṣọ yẹn lo fẹ́ wọ̀ lọ bá ènìyàn gidi?" Bó bá ké "Ìwọ" láti yàrá, àwọn ọmọ ò ní jẹ́ ẹ, ìyàwó ò ní jẹ́ ẹ, torí gbogbo ilé mọ ẹni tó ni orúkọ náà. Inú Rúlà a máa dùn sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, tí irun rẹ̀ sì ti ń funfun létí. Ta ló tún kù láyé tó lè pè é bẹ́ẹ̀?

Ọdún kìíní tó dá dúró, owó orí tí wọ́n kọ fún un fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un dákú. Ó gbé ìwé náà lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣe iṣẹ́ púlọ́ńbà. Àwọn méjèèjì jọ máa ń pàdé níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé. Púlọ́ńbà wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọkùnrin yìí, kí ló ṣe ọ́? Gbogbo owó tó wọlé lo kọ sílẹ̀, o ò kọ èyí tó jáde! Ṣé ìjọba ló ń bá ọ ra bébà ni?"

Púlọ́ńbà là á yé e. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, gbogbo ohun tó bá ná torí iṣẹ́ náà, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú èrè rẹ̀ kí wọ́n tó bu owó orí lé e. Bébà ńkọ́? Wọ́n á yọ ọ́. Íńkì, kọ̀ǹpútà, epo ọkọ̀ tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, owó fóònù? Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á yọ. Kó ṣáà ti tọ́jú rìsíìtì. Títí débẹ̀, ẹ̀tọ́ ni, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí, mi ò bá tí rí ìtàn kankan sọ fún yín.

"Yàrá wá ńkọ́?" púlọ́ńbà bi í. "Bí ènìyàn bá ní yàrá tó fi ń ṣiṣẹ́ nílé, wọ́n á yọ apá kan lára owó ilé náà. Owó gidi nìyẹn o."

"Orí tábìlì oúnjẹ ni mo ti ń ṣe tèmi."

"Ìyẹn ò bá òfin mu. Wọ́n ní yàrá tí a fi ń ṣiṣẹ́ nìkan, tí ẹnikẹ́ni ò gbé inú rẹ̀. Ṣé o ò ní yàrá kan báyìí, bóyá èyí tó kọjú síta, tí oníbàárà lè máa gbà wọlé?"

Rúlà ka yàrá ilé rẹ̀ lọ́kàn. Ó ní yàrá tó kọjú síta.

Ó délé, ó ya púláànù ilé tirẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dára, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó ya ògiri, ó ya ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ "Ọ́fíìsì" sáàárín yàrá tí ìyá rẹ̀ ń sùn. Fọ́ọ̀mù náà ní ìbéèrè kan: ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ń gbé inú yàrá yìí? Ó kọ "Rárá" sí i. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń nu abọ́.

"Bàbá wọn, ṣé yàrá Màmá kọ́ nìyẹn?"

"Orí ìwé lásán ni. Ṣé ìwé ló máa gbé wọn jáde?"

"Ẹ bi wọ́n ná."

"Kí n bi wọ́n kí ni? Ṣé àwọn ló ń san owó orí ni?"

Ìyàwó gbé abọ́ rẹ̀ lọ. Owó orí ọdún náà sì wálẹ̀ gan-an. Inú Rúlà dùn, ó mú nínú owó tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, ó fi ra bẹ́ẹ̀dì tuntun fún ìyá rẹ̀, èyí tí fóòmù rẹ̀ le, torí ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Ìyá jókòó lórí rẹ̀, ó fò díẹ̀ bí ọmọdé, ó ní, "Ìwọ, o ò ní fi ẹ̀yìn lélẹ̀ nínú àìsàn." Rúlà ní àmín. Ó tiẹ̀ ń rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọ dáadáa lòun.

Ọdún kan ààbọ̀ kọjá kí lẹ́tà tó dé. Ọ́fíìsì owó orí ní àwọn ń yẹ ìwé àwọn agbaṣẹ́ṣe wò, pé òṣìṣẹ́ àwọn kan ń bọ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́rú láti wá wo yàrá iṣẹ́ náà. Ara Rúlà bù máṣọ. Ó ka lẹ́tà náà ní ìgbà mẹ́ta bóyá ọjọ́ máa yí padà. Ọjọ́ ò yí. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọlé tọ ìyá rẹ̀, ó sì ro ọ̀rọ̀ náà fún un pátá, ó dorí kodò.

Ìyá wò ó títí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọmọ yìí! O ti sọ ìyá ẹ di fáìlì!"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Kí ẹ ṣáà lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, màá wá gbé yín."

"Mo ti gbọ́. Ìgbà tó o wà ní kékeré náà, bó o bá ti ba nǹkan jẹ́, èmi náà ni mò ń bá ọ gbálẹ̀ ẹ̀. Àmọ́ gbọ́ o, lẹ́yìn èyí, lọ tún ìwé yẹn ṣe. Mi ò fẹ́ irọ́ nínú yàrá tí mò ń sùn."

"Màá tún un ṣe."

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ìyá ti jáde kó tó di aago mẹ́jọ. Ilẹ̀kùn ò tíì pa dé tán tí Rúlà ti bọ́ ẹ̀wù. Òun àti ìyàwó rẹ̀ tú bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé igi rẹ̀ àti fóòmù lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n da tapólì bò ó. Wọ́n kó aṣọ ìyá sínú àpò mẹ́rin, wọ́n kó bàtà rẹ̀, wọ́n yọ àwòrán bàbá lára ògiri. Wọ́n gbé tábìlì oúnjẹ wọlé, wọ́n to bébà sí i, wọ́n gbé àga kan síwájú rẹ̀ fún oníbàárà. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ọ́fíìsì gidi ni. Òórùn òróró ìpara tí ìyá fi ń ra orúnkún nìkan ló kù, ìyàwó sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu kó lè bá afẹ́fẹ́ lọ.

Obìnrin owó orí dé ní aago mẹ́wàá géérégé. Ọmọ kékeré ni, kò tíì lè pé ọgbọ̀n ọdún, ohùn rẹ̀ tutù, ó di báàgì aláwọ̀ dúdú kan mọ́yà. Ó kí wọn dáadáa. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Rúlà ń dá a lóhùn, ọkàn rẹ̀ sì ti ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí ilẹ̀kùn yàrá ṣí.

Ìyá rẹ̀ ni. Ó ti wà ní ibùdókọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀ tí bọ́ọ̀sì ò dé, ibẹ̀ ló ti rántí pé òun ò mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun dání. Ó sì rò pé òun á sáré mú un kí àlejò tó dé. Kò kan ilẹ̀kùn. Ta ní í kan ilẹ̀kùn yàrá ara rẹ̀? Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe, ó wọlé láìwọ bàtà, ó bá obìnrin kan lórí àga.

"Ẹ káàárọ̀, mà," obìnrin owó orí dìde fún un. Ó yíjú sí Rúlà. "Ta ni Màmá?"

Ìyá lanu láti dáhùn. Rúlà ti sáré ṣíwájú rẹ̀.

"Oníbàárà mi ni."

Ẹ gbọ́ o. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ẹni tó fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹ̀ tiẹ̀ gbà pé ilé bàbá òun ni! Kí ni ká wá pe ti ẹni tí ìyá ẹ̀ dúró níwájú ẹ̀ láìwọ bàtà, tó ní oníbàárà ni? Ara mi ń gbóná bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Àmọ́ ẹ jẹ́ n fi ọkàn tútù sọ ọ́ tán.

Ìyá wo ojú ọmọ rẹ̀. Kò pẹ́, bóyá ìṣẹ́jú àáyá méjì, Rúlà sì rí i tí nǹkan kan kúrò lójú rẹ̀, kò mọ ohun tí ó jẹ́. Ìyá wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá," ló wí fún ọmọ tó bí. "Ẹ má bínú pé mo já lù yín. Mi ò mọ̀ pé ẹ ní àlejò."

Obìnrin owó orí fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dá a lára yá, ó ní, "Màmá, kí ni ẹ ní kí wọ́n bá yín yà?"

"Yàrá kan ni."

"Yàrá kan péré?"

"Kí ni kí n fi púpọ̀ ṣe, ọmọ mi? Kó ṣáà ti gba bẹ́ẹ̀dì, kí n ríbi gbé orí lé. Kí oòrùn máa wọ̀ ọ́ láàárọ̀."

"Wọ́n máa yà á dáadáa fún yín."

"Wọ́n mọ̀ ọ́n yà," ni ìyá wí.

Obìnrin náà yọ téèpù jáde láti wọn yàrá. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ìyá ti tẹ̀ síwájú, ó gba ẹnu téèpù, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ ògiri. Òun ló máa ń bá Rúlà di téèpù mú nílé nígbà gbogbo, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ibẹ̀. Wọ́n wọn òró, wọ́n wọn ìbú. Àwọn obìnrin méjèèjì ń ṣe é, Rúlà dúró sáàárín bí igi tí wọ́n gbàgbé sójú títì. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n tán, ìyá gbọn ọwọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, mo máa padà wá tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó jáde. Oògùn rẹ̀ wà lójú fèrèsé lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó rí i, kò mú un. Rúlà ń gbọ́ bó ṣe ń wá bàtà rẹ̀ wọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí ó fọwọ́ ti ògiri nítorí orúnkún. Kò tẹ̀ lé e jáde. Obìnrin owó orí kọ nǹkan díẹ̀ sí i, ó ní yàrá náà dára, ó kí wọn pé ó dàbọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Rúlà gbé oògùn lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ìyá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé o, ọ̀gá. Ẹ kú wàhálà." Gbogbo ará ilé ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. Rúlà gan-an rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ, nítorí ó rò pé ìyá ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó gbé ìyá padà sílé nírọ̀lẹ́, wọ́n ti to bẹ́ẹ̀dì padà, wọ́n ti gbé àwòrán bàbá kọ́ síbi tó wà.

Ó di ọjọ́ kejì. "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Màmá, ẹ ti fi mí ṣẹ̀fẹ̀ tó báyìí."

"Ṣẹ̀fẹ̀ kẹ̀?"

Ó di ọjọ́ kẹta, ó di ọ̀sẹ̀ kan. Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá ò bínú o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó ń bá wọn jẹun, ó ń bá wọn ṣeré. Àwọn ọmọ, "ìwọ" ni. Ìyàwó ọmọ, "ìwọ" ni. Ológbò tó ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá gan-an, "ìwọ" ni. Bó bá ti kan Rúlà, á tún ara ṣe, á ní "ẹ". "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè lo ilé ìwẹ̀?" "Ẹ má bínú, mo tan iná pálọ̀ yín." Àpò mẹ́rin tí wọ́n kó aṣọ rẹ̀ sí ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò tú wọn. Aṣọ tó bá fẹ́ wọ̀ ló ń yọ, bó bá fọ̀ ọ́ tán, á ká a padà sínú àpò.

Inú Rúlà bàjẹ́ gan-an. Ènìyàn lè gba èébú, ó lè gba ìgbátí, ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń gba ọ̀wọ̀ látọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀? Ó wọlé lọ bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Màmá, ẹ bú mi. Ẹ gbá mi létí. Èyí tó bá wù yín, ẹ ṣe é."

"Kí lẹ ṣe tí mo fi máa gbá yín létí?"

"Ẹ̀rù ló bà mí lọ́jọ́ yẹn. Mi ò ronú."

"Mo mọ̀. Mo rí i pé ẹ̀rù bà yín, ìdí tí mo fi bá yín ṣe oníbàárà nìyẹn." Ó ń ká aṣọ lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Mo ti ń rò ó pé mo fẹ́ lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín fúngbà díẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n yín." Rúlà gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n já okùn mọ́ lọ́wọ́. Ìyá lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹrù rẹ̀ ò nira láti kó, ó ti wà nínú àpò tẹ́lẹ̀.

Oṣù kan, oṣù méjì, ìyá ò padà. Ẹ̀gbọ́n pe Rúlà lórí fóònù, ó ní, "Kí lo fi Màmá ṣe? Wọ́n ń pè ọ́ ní 'àwọn ọ̀gá yẹn'. Mo rò pé lánlọ́ọ̀dù kan ni wọ́n ń sọ!" Lọ́jọ́ kejì, Rúlà wọ aṣọ, ó lọ sí ọ́fíìsì owó orí, ó béèrè obìnrin tó wá sílé òun. Ó sọ fún un pé irọ́ lòun pa, pé yàrá náà kì í ṣe ọ́fíìsì, pé ènìyàn ń gbé ibẹ̀.

Obìnrin náà fa fáìlì rẹ̀ yọ, ó ṣí i, kò yà á lẹ́nu.

"Màmá ọjọ́ yẹn, ìyá yín ni wọ́n, àbí?"

"Ìyá mi ni." Rúlà sún mọ́ tábìlì. "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Wọ́n bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé. Oníbàárà wo ló ń bọ́ bàtà nínú ọ́fíìsì? Torí mi ò ní ẹ̀rí ni mi ò ṣe kọ ọ́." Ó pa fáìlì dé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Bí mo ṣe béèrè pé ta ni Màmá, ńṣe ni mò ń retí kí ẹ ní ìyá yín ni. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ wí, màá kàn ní kí ẹ tún fọ́ọ̀mù kọ. Owó tẹ́ ẹ máa san padà ò ní ju èyí tẹ́ ẹ fẹ́ san báyìí lọ. Ọ̀kan náà ni."

Ọ̀kan náà ni. Rúlà jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta ọ́fíìsì yẹn fún ìgbà pípẹ́. Kò sí ohun tí irọ́ náà bá a fi pamọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ti ẹ̀ tún wá burú, torí ọ̀fẹ́ ló ta ohun tó tà.

Ó san gbogbo owó náà. Ó ya púláànù ilé rẹ̀ lákọ̀tun, ó kọ "Yàrá Ìyá Mi" sáàárín yàrá tó kọjú síta, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i ní ọ́fíìsì. Ó mú un, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Ìyá wà lẹ́yìn ilé, ó jókòó síbi tí oòrùn wà, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù ọmọ ẹ̀gbọ́n. Rúlà kí i. Ó kí i padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fẹ́ dìde fún un, Rúlà sì sáré dá a dúró. Ó na ìwé náà sí i. Ìyá fi jígí sójú, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún ka ìwé kóòtù. Ìka rẹ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó wà láàárín, ó fi ìka náà ra á, ó tún ra á. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Rúlà kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, ó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

"Màmá, ẹ wo ti ìkúnlẹ̀ tí ẹ kúnlẹ̀ bí mi. Ẹ dárí jì mí. Ẹ pè mí ní ìwọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo."

Ìyá gbé ọwọ́ lé e lórí. Ọwọ́ náà gbóná, ó mọ orí náà, ó ń lọ ó ń bọ̀ lórí irun funfun tó wà létí rẹ̀. Ó lanu, Rúlà gbójú sókè, ó ń wo ètè rẹ̀. Ètè náà gbọ̀n, ó ṣí, ó tún padé.

"Mo ti ń gbìyànjú rẹ̀," ni ìyá wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Bí mo bá dá wà, mo máa ń sọ ọ́, á sì yọ lẹ́nu mi. Àmọ́ bí mo bá ti rí yín báyìí, kì í wá mọ́. Ẹ má sunkún mọ́, inú mi ò bàjẹ́ sí yín. Mo ti dárí jì yín tipẹ́." Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú rẹ̀ fún un. "Ẹ dìde nílẹ̀, ṣòkòtò yín ń dọ̀tí."